Ìkìlọ̀: Ẹ Wọn INT Kí Ẹ Tó So Ó Mọ́ Raspberry Pi

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pátákó MCP2515 so Raspberry Pi mọ́ ìlà CAN, èyí tí àwọn ẹ̀rọ inú mọ́tò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Wáyà tó ń jẹ́ INT ló máa ń ta Pi lólobó pé ìsọfúnni dé. Òun náà ló lè ba Pi jẹ́, owó Pi kì í sì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹsẹ̀ GPIO kò gba iná tó ju 3.3V lọ. Pátákó aláwọ̀ búlúù tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tó ní TJA1050 lórí, 5V ló ń lò. INT rẹ̀ àti SO, ẹsẹ̀ tí ìsọfúnni ń gbà jáde lọ sí Pi, yóò sì gbé 5V náà wá bá Pi. Bí Pi bá ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ má fi ìyẹn tan ara yín. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1k sáàárín INT àti ẹsẹ̀ Pi, kí ẹ fi 2k so ẹsẹ̀ náà mọ́ GND. Iná á wálẹ̀ sí nǹkan bí 3.3V. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún SO.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìlà yìí nínú config.txt:

dtoverlay=mcp2515-can0,oscillator=8000000,interrupt=25

GPIO25 ni 25 yẹn. Tí ẹ bá ka ẹsẹ̀ orí Pi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kejìlélógún ni. Ẹsẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n GND ni. Ẹni tó bá so INT mọ́ ọn lè ba MCP2515 jẹ́, Pi ò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ tún wo kírísítà onírin tó wà lórí pátákó náà. Bí 8.000 bá wà lára rẹ̀, 8000000 lẹ kọ, bí 16.000 bá ni, 16000000. Ẹni tó bá ṣì í kọ á máa dá INT lẹ́bi lórí ohun tí kò ṣe.

Tí ẹ bá ti gbé can0 dìde, tí ìsọfúnni sì ń wọlé, ẹ tẹ cat /proc/interrupts. Ẹ wá ìlà spi0.0, iye tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ padà sí wáyà àti nọ́ńbà yín.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi iná sí pátákó náà nìkan, kí ẹ fi mítà wọn INT. Bó bá lé ní 3.3V, ẹ má so ó mọ́ Pi láìsí rẹsísítọ̀.