Ẹ Kọ́ Ọ Fún Ọwọ́ Tí Ń Gbọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Houston, ní Atlanta, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin tí mo gbọ́ pé ẹ ti ń tu owó jọ kí ẹ lè ra kíìtì bàálù, kí ẹ sì tò ó nínú gárééjì ilé yín, mi ò wá láti ní kí ẹ má ṣe é. Àwọn ìyá yín á ti sọ ìyẹn tó. Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún bàálù ṣe bíi tèmi mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe. Ẹni tó ní sùúrù, tó ń ka ìwé dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, tí wọ́n lè bá wí kó má bínú, á tò ó, á gbé e fò, á sì bà láyọ̀.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1953 ni Paul Poberezny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ EAA sílẹ̀ ní Milwaukee, fún àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kọ́ bàálù. Títí dòní, bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, ìlú Oshkosh ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ fún àpéjọ ẹgbẹ́ náà. Òfin Amẹ́ríkà fàyè gba iṣẹ́ náà, bí ẹni tó ń kọ́ ọ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ju ìdajì iṣẹ́ lọ, tó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tàbí fàájì ló torí rẹ̀ ṣe é. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé, nítorí ẹ ó fi han àwọn olùyẹ̀wò. Àwa ní Nàìjíríà náà ò sì ṣàjèjì sí i. Air Beetle tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà tò ní Kaduna láti máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ara RV-6A tí Richard VanGrunsven yà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un jáde, ọ̀kan nínú irú kíìtì tí ẹ̀yin náà ń fojú sí yìí.

Kíìtì onípáànù bẹ́ẹ̀ lè gba 1,500 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, rífẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sì lè lé ní 10,000. Ẹ máa lu ihò, ẹ máa ha ẹnu ihò náà kó dán, torí ẹnu ihò tó rí gbágungbàgun ni páànù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Rífẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá lù dáadáa, orí tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ á fẹ̀ tó ìlọ́po kan àbọ̀ ara rẹ̀, á sì ga tó ìdajì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ yín á ti mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Èyí tí kò bá dáa, ẹ lu ú jáde, ẹ fi òmíràn sí i. Iṣẹ́ yẹn kì í já mi láyà.

Ohun tó ń já mi láyà ni ìgbà tí páànù bá tán, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú rẹ̀: fáàfù epo, swíìṣì, rédíò, ìjókòó, dáṣíbọọ̀dù. Ibẹ̀ ni àyè ti ṣí sílẹ̀ fún yín láti ṣe é bó ṣe wù yín, ibẹ̀ náà sì ni ọlọ́gbọ́n ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ta ni ẹ ń kọ́ ọ fún? Ẹ ó ní ara yín ni, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú rẹ̀ ní gárééjì lálẹ́ Sátidé, tí ara yín balẹ̀, tí iná tàn yòò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé onítọ̀hún. Ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́ lókè ni kí ẹ kọ́ ọ fún. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò gbọdọ̀ gbójú kúrò níwájú. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ ò rí rí láyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti John Denver fún yín, olórin Amẹ́ríkà tí àwọn bàbá yín gbọ́ orin rẹ̀ lórí rédíò. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1997 ló kú, nínú Long-EZ, bàálù kékeré tí Burt Rutan yà fún àwọn tó ń kọ́ ọ nílé. Ẹlòmíràn ló kọ́ èyí. Denver rà á ni, kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Táǹkì méjì ló ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, awakọ̀ ló sì ń yí fáàfù láti inú ọ̀kan bọ́ sí ìkejì. Nínú àwòrán Rutan, àárín ẹsẹ̀ awakọ̀ ni fáàfù yẹn wà, níbi tí ọwọ́ ti tó o. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ náà kò fẹ́ kí páìpù epo gba inú ibi tí èèyàn jókòó sí kọjá. Ẹ má fi í bú, torí ìrònú rẹ̀ ò burú: ta ló fẹ́ epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan? Ló bá gbé fáàfù náà lọ sára ògiri ẹ̀yìn, lẹ́yìn èjìká òsì awakọ̀.

Ẹ jókòó síbi tí ẹ wà yẹn, kí ẹ dán an wò. Ọ̀pá tí a fi ń darí Long-EZ, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń dì í mú. Kí ọwọ́ tó tó fáàfù náà, awakọ̀ ní láti fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀, kó yí ara padà nínú bẹ́líìtì, kó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà lọ sẹ́yìn èjìká òsì. Bí ara bá sì yí báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún á wá ibi tí yóò fi tì, ohun tó wà níwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ni pẹ́dà tó ń yí imú bàálù sápá ọ̀tún. Fáàfù yẹn kò ní àmì lára. Gíláàsì tí wọ́n fi ń wo iye epo tó kù, ẹ̀yìn lòun náà wà, kò sì ní ìlà kankan lára. Ní pápákọ̀ òfuurufú Monterey, kí Denver tó gbéra, òun àti mẹkáníìkì kan ti jọ sọ̀rọ̀ lórí bí fáàfù náà ṣe ṣòro fún ọwọ́. Wọ́n tilẹ̀ fi irin ìdìmú mú un gùn sí i wò, kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì náà fún un ní dígí kékeré kó lè máa fi wo epo lẹ́yìn. Wọ́n ní kó ra epo sí i, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ tó òun. Ó gbéra, ó bà, ó tún gbéra lẹ́ẹ̀mélòó kan, lẹ́yìn náà ó já sínú òkun létí Pacific Grove.

Àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá sọ pé bó ṣe ń wá fáàfù ló gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lórí wíwà bàálù, tó sì tẹ pẹ́dà ọ̀tún láìmọ̀. Wọn ò dá ẹ̀bi sí òun nìkan. Wọ́n ka ibi tí akọ́bàálù gbé fáàfù sí mọ́ ohun tó fa ìjàǹbá náà, wọ́n ka àìsí àmì mọ́ ọn, wọ́n ka àìtó ẹ̀kọ́ lórí irú bàálù náà mọ́ ọn. Awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni Denver o. Àtúnṣe kan ṣoṣo tí ọlọ́gbọ́n kan ṣe nínú gárééjì, nítorí ewu tó tọ́ kéèyàn bẹ̀rù, ló dúró de ẹlòmíràn lójú sánmà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: bí ẹ bá fẹ́ yí ohunkóhun padà kúrò nínú àwòrán, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó yà á, kí ẹ dúró de èsì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti rò ó kí ẹ tó rò ó, kó sì mọ ìdí tí òun ò fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wá páálí, kí ẹ gé e bíi dáṣíbọọ̀dù, kí ẹ ya gbogbo swíìṣì sí i, kí ẹ tó gé páànù gidi. Ẹ jókòó, ẹ so bẹ́líìtì mọ́ra le dáadáa, nítorí bẹ́líìtì tó le máa ń kúrú ọwọ́. Ẹ di ojú. Ẹ ní kí ẹnìkan máa pe orúkọ: epo, iná, ẹ́ńjìnnì, ìlẹ̀kùn! Ọwọ́ tó bá ń táràrà, ẹ sún nǹkan náà sún mọ́ ọn. Kí ẹni tó kúrú jù yín lọ náà jókòó síbẹ̀ dán an wò, torí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la lè kúrú. Orí ohun tí a fi ń yí epo kò gbọdọ̀ jọ orí ohun tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára. Kí ìka mọ ìyàtọ̀ láìsí ojú níbẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ sì ní àkọlé tó hàn ketekete.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ojú dígí títàn lórí dáṣíbọọ̀dù, mo mọ̀. Dígí Garmin mẹ́ta níwájú, ó wuyì, ó sì dáa fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí ẹ bá so mọ́ dáṣíbọọ̀dù ní ìwọ̀n, ó ní wáyà, ó sì ń mu iná. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, kí lẹ fẹ́ fi mọ bí bàálù ṣe ń sáré tó? Ẹ fi ohun kan sílẹ̀ tí kò gbára lé iná. Owó dígí kẹta yẹn, ẹ lọ fi san owó olùkọ́ tó mọ irú bàálù yín. Bí ẹ bá kun bàálù náà tán, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n mẹ́ta, táyà kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀, torí ọ̀dà náà wúwo. Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n tí ẹ rí nínú ìwé dípò ìwọ̀n tí ẹ rí lábẹ́ táyà.

Níbi epo, ẹ má kánjú rárá. Nínú ìwádìí tí NTSB gbé jáde lórí irú àwọn bàálù yìí lọ́dún 2012, kíkọṣẹ́ ẹ́ńjìnnì àti kí bàálù bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fa ìjàǹbá. Ẹ gbé imú bàálù sókè bí ìgbà tó ń gun òkè, ẹ yọ páìpù epo níbi tó ti fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ rẹ̀, ẹ wo aago. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní pọ́ǹpù, epo tó ń jáde gbọ́dọ̀ tó ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu nígbà tó bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé epo ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, kó tó 150. Ẹ ṣe é fún táǹkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí epo kù díẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó bo ohunkóhun, ẹ pe ojú ẹlòmíràn wá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn olùdámọ̀ràn EAA á wá sí gárééjì yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtéènì, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ LAA, tó wà fún àwọn akọ́bàálù níbẹ̀, ni kí ẹ lọ. Olùyẹ̀wò wọn ló ń buwọ́ lu ìpele ìpele iṣẹ́, ẹ má ka ìyẹn sí ìnira. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ àti irin tí ẹ ò mọ orírun rẹ̀ ṣe tiyín, mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ lọ bá NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ẹ wá ẹni tó mọ irin, kí ẹ tó fi ẹ̀mí dán an wò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ fò kù. Mo mọ̀ wá. A ó ti pe àlùfáà, a ó ti yan aṣọ, ẹnìkan á ti gbé fóònù sókè kí àwọn ará Ìbàdàn náà lè máa wò ó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá ti pe òde, òde á tì yín. Bí atẹ́gùn bá yí, tí ẹ́ńjìnnì sì dún bákan, ojú á máa ti yín láti sọ pé ó di ọ̀la. Kí ẹni méjì mẹ́ta tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀, ó tó. A ó ṣọpẹ́ lẹ́yìn náà, a ó sì jó. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ló máa kọ́kọ́ gbé e. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin wà nídìí dírílì, ọwọ́ rẹ̀ ti lè tutù sí wíwà bàálù. Ẹ lọ fò pẹ̀lú olùkọ́ títí ọwọ́ yóò fi padà, tàbí kí ẹ fún ẹni tó gbó nínú irú bàálù náà. Láti ọdún 2014 ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ti ní ètò tó jẹ́ kí awakọ̀ kejì tó mọṣẹ́ lè bá yín jókòó nínú bàálù oníkíìtì ní àkókò ìdánwò, bí ẹ bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n là sílẹ̀. Yàtọ̀ sí i, ìyàwó, ọkọ, ọ̀rẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ títí àkókò ìdánwò á fi parí, wákàtí 25 tàbí 40 lọ́pọ̀ ìgbà, bí irú ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ tí ẹ lò bá ṣe rí.

Lọ́jọ́ kan ẹ ó tà á. Ọmọ á dé, owó ilé á pọ̀, tàbí bàálù tó tóbi jù á wù yín. Ìwé àṣẹ tí FAA fún yín láti máa yẹ bàálù yẹn wò lọ́dọọdún, tiyín ni, kò bá bàálù lọ; ẹni tó rà á á ní láti wá ẹni tó ní àṣẹ. Ẹ kó àwòrán fún un, ẹ kó ìwé iṣẹ́ àti fọ́tò inú apá rẹ̀ fún un. Ohunkóhun tí ẹ yí padà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un lọ́tọ̀, kó má baà jẹ́ òun ló máa wá a kàn. Bó bá sì ní òun fẹ́ gbé e fò lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an láìtíì bá olùkọ́ fò ó, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kó bínú. Kó gba owó rẹ̀ padà bó bá fẹ́.