KÍ Ó LÈ MỌ́ WA LÁRA: Ẹ̀kọ́ fún Ìbẹ̀rẹ̀ Ọdún

Kíkà: Jóṣúà 1:1-9, Orin Dáfídì 1, Lúùkù 4:16-21

A fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó mú wa la ọdún tí ó kọjá já. Ní òru àìsùn ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó wà lórí ìkúnlẹ̀ tí a sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Olúwa pé ní ọdún yìí a ó máa ka Bíbélì lójoojúmọ́, a ó sì máa gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ará ilé wa. Ẹ̀jẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: kí oṣù kejì tó parí, púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ́ wọ̀nyí a ti di ohun tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán wa létí mọ́.

Àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, tí ìtumọ̀ Bíbélì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wa, kò yọ ara wa sílẹ̀. Ní ọdún kan a pinnu láti máa ka orí mẹ́wàá lójúmọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí a fi dúró síbi ọ̀pó àti aṣọ títa àgọ́ nínú ìwé Ẹ́kísódù. Èyí tí ó burú jù ni pé ìtìjú kò jẹ́ kí a padà. Ní gbogbo ìyókù ọdún náà, bí kì í bá ṣe nítorí iṣẹ́, a kì í ṣí Bíbélì. A ń tú oúnjẹ fún ẹlòmíràn, ebi sì ń pa àwa tìkára wa.

Nígbà tí ènìyàn bá ti ń ṣe ohun kan títí tí kò fi ni í lára mọ́, àwa Yorùbá a máa wí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ẹnu ni a fi ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní òru kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ń tún ohun kan ṣe lójoojúmọ́ títí yóò fi mọ́ra.

Àwọn tí ó kọ Májẹ̀mú Titun ní èdè Gíríkì mọ ọ̀ràn yìí pẹ̀lú. Nínú Lúùkù 4:16, nígbà tí Jésù wọ inú sínágọ́gù ní Násárẹ́tì ní ọjọ́ ìsinmi, a sọ fún wa pé ìṣe rẹ̀ ni. Nínú Hébérù 10:25 ẹ̀wẹ̀, a kìlọ̀ nípa àwọn tí ó fi ìpéjọpọ̀ sílẹ̀, tí èyí sì ti di àṣà wọn. Ìbátan ni ọ̀rọ̀ Gíríkì tí a lò ní ibi méjèèjì. Láti inú gbòǹgbò kan ni wọ́n ti wá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí lílọ ti ń mọ́ni lára, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àìlọ ń mọ́ni lára. Kò sí ẹni tí kò ní àṣà. Irú èyí tí ó ń mọ́ wa lára ni kí a yẹ̀ wò. Bí Olúwa wa tìkára rẹ̀ bá sì ní ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ní ọjọ́ ìsinmi, ta ni àwa tí a ó rò pé a kò nílò rẹ̀?

Báwo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́rin.

Èkínní, kí ó mọ níwọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Orí 260 ni ó wà nínú Májẹ̀mú Titun, ọ̀sẹ̀ 52 ni ó sì wà nínú ọdún. Ẹni tí ó bá ń ka orí kan ṣoṣo lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, yóò ka Májẹ̀mú Titun tán nínú ọdún kan. Ọjọ́ méjì tí ó kù nínú ọ̀sẹ̀ ni yóò fi dí àlàfo ọjọ́ tí àìsàn, ìrìn-àjò tàbí àlejò kò jẹ́ kí ó kà.

Èkejì, kí ó ní àkókò àti ibi tirẹ̀. Nígbà tí a fi ọwọ́ sí òfin ọba Dáríúsì, Dáníẹ́lì lọ sí yàrá rẹ̀, níbi tí fèrèsé kọjú sí Jerúsálẹ́mù, ó sì kúnlẹ̀ nígbà mẹ́ta lójúmọ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí (Dáníẹ́lì 6:10). Kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò ni ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ohun tí ó ti mọ́ ọn lára ni ó gbé e ró ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnu wa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí àṣàrò nínú Jóṣúà 1:8 àti Orin Dáfídì 1:2 ni hagah. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Aísáyà 31:4 lò fún kìnnìún tí ń kùn lórí ẹran tí ó pa, òun náà ni Hesekáyà sì lò fún ohùn àdàbà nígbà tí ó ń ráhùn nínú àìsàn rẹ̀ (Aísáyà 38:14). Nítorí náà, àṣàrò inú Bíbélì kì í ṣe ìrònú nìkan. Ètè àti ahọ́n ní ipa nínú rẹ̀. Nínú yàrá ìtumọ̀ wa, a kì í fọwọ́ sí ẹsẹ kan láìjẹ́ pé a kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni etí ń mú àṣìṣe tí ojú ti fò dá. Ẹ ka orí ti ọjọ́ náà sókè nínú ilé. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé yóò gbọ́, ọmọ tí kò tíì lọ sí ilé-ìwé yóò sì gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá ṣubú, kí a padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ni Samuel Ajayi Crowther ṣe ìsìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní 1850 ìwé Róòmù jáde ní èdè wa. Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pàdánù ìwé kan ṣoṣo tí ó fi ọwọ́ kọ yóò mọ bí ó ti rí. Síbẹ̀ òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, títí odidi Bíbélì fi jáde ní 1884, lẹ́yìn ogójì ọdún sí ìsìn àkọ́kọ́ nì. Bí iná kò bá fi òpin sí iṣẹ́ wọn, kí ni ṣe tí ọjọ́ mẹ́ta tí a kò ka Bíbélì yóò fi òpin sí tiwa? Kí ẹni tí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ má ṣe dúró de ọdún tí ń bọ̀. Àánú Olúwa a máa di ọ̀tun ní òròòwúrọ̀, bí ìwé Ẹkún Jeremáyà ti kọ́ wa ní orí kẹta. Kì í ṣe ní ọjọ́ kìíní ọdún nìkan.

Bí a ti ṣe padà nìyẹn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ọdún ìtìjú wa, orí kan ṣoṣo ni a fi bẹ̀rẹ̀, lórí àga kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí a tó jẹun òwúrọ̀. A pa ọjọ́ púpọ̀ jẹ, a sì ń padà. Nísinsìnyí, bí a kò bá tíì kà, ara wa a máa wá a bí ó ti ń wá oúnjẹ.

Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ ìjọ ní oṣù kìíní nìkan. Ẹ tún béèrè ní oṣù kẹfà, pẹ̀lú ìwà tútù. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó bù ú fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn tí ẹ ń fi owó yín mú kí Bíbélì dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, ẹ yan ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa ka orí kan lọ́sẹ̀.

Ìbéèrè fún àṣàrò:
1. Àṣà wo ni ó ti mọ́ wa lára tí a kò mọ̀ọ́mọ̀ yàn?
2. Wákàtí wo, àti ibo nínú ilé wa, ni a lè yà sọ́tọ̀ fún orí kan lójúmọ́?
3. Ta ni a ó bẹ̀ kí ó máa bi wá léèrè?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ ni o fi ọdún tuntun kún ọjọ́ wa. Jẹ́ kí Ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ wa lára. Nígbà tí a bá sì pa á tì, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí wa lọ́nà àtipadà. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.