Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: RỌ́BÀ TÓ Ń FA OMI LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fẹ́ni tó sanra jù kó lè fọn, dókítà lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i níkùn kó máa fa omi àti ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹni tó bá gbé e wálé, kó ṣe báyìí:

1. Ẹ fọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

2. Ẹ da omi rẹ̀ nù kí ike tó dé ìdajì. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, bí a ṣe ń kọ àwìn.

3. Ẹ fi pínnì so ike náà mọ́ aṣọ, nísàlẹ̀ ojú egbò. Ẹ má ro ìró le lé rọ́bà. Ẹ má gbé ẹrù ọjà.

Omi náà máa ń pọ́n níbẹ̀rẹ̀, á wá máa mọ́, á sì máa dínkù. Dókítà ni yóò yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bó bá di àwọ̀ ewé, tó ń rùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí ara gbóná, tí àyà ń sáré, tàbí ohun tí ẹ mu ló ń gbabẹ̀ jáde, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni o! Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ tajà tán ná. Ara líle la fi ń pàtẹ.