Ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń gbọ̀n ní ìdájí

ÌBÉÈRÈ

Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ọkọ̀ Volkswagen T4 tòkunbọ̀ la fi ń gbé búrẹ́dì lọ sọ́jà. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, ẹ́ńjìnì 2.4 tí kò ní tọ́bò ló wà nínú rẹ̀. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé, bí dírẹ́bà bá fẹ́ sítáàtì rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Bó bá sì dáhùn tán, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n, èéfín funfun á gba inú ọgbà kan, á máa ta wá lójú. Tó bá tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ara rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní yọ wá lẹ́nu mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Dírẹ́bà tún ń sọ pé kò gun òkè dáadáa mọ́ látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní ẹ́ńjìnì ti kú, ká lọ ra òmíràn. Èkejì ní ká tú pọ́ńpù. Owó ẹ́ńjìnì kò sí lọ́wọ́ mi báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ìdájí. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnì o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pọ́ńpù yẹn. Ẹ́ńjìnì tó ti kú kì í gbọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó wá ṣiṣẹ́ títí di alẹ́ láìjanpata. Ohun tí ẹ kọ sí wa yìí jọ pé ooru ni kò tó o nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì kò ní pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti onípẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìnì ń fún pọ̀. Nínú irú ẹ́ńjìnì tiyín, ó ń fún un títí tí yóò fi kù bí ìdá kan nínú 22, afẹ́fẹ́ náà á sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí dísẹ́ẹ̀lì tí nọ́súlù bá fọ́n sí i á gbiná fúnra rẹ̀. Àmọ́ ní ìdájí, irin ẹ́ńjìnì tutù, ó sì ń fa ooru yẹn mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe hítà pulọ́ọ̀gì sí i, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà márùn-ún ni 2.4 yìí ní. Bí hítà pulọ́ọ̀gì méjì bá ti kú, sílíńdà mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, méjì yòókù á máa pọ dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná jáde títí ara wọn á fi móoru. Gbígbọ̀n tí ọkọ̀ ń gbọ̀n nìyẹn. Èéfín funfun tó ń ta yín lójú náà nìyẹn: dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná ni. Ká ní òórùn rẹ̀ dùn, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì ni ǹ bá fura sí, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, hítà pulọ́ọ̀gì kò wúlò níbí, wọn á sì gé wáyà rẹ̀ dànù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Nínú ẹ́ńjìnì tiyín, inú ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà ni dísẹ́ẹ̀lì ti ń kọ́kọ́ gbiná, irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ sì nílò hítà pulọ́ọ̀gì láàárọ̀, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ni, ìbáà jẹ́ Èkó. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti kú láti ìgbà òjò tí ẹ ò fura. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ló tó hàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ nìyí: kí mẹkáníìkì wá bá ọkọ̀ nílé ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má sì sítáàtì rẹ̀ kó tó dé. Bí dírẹ́bà bá wà á lọ bá a ní aago mẹ́wàá, ara ọkọ̀ ti gbóná, àìsàn ti fara pamọ́, àmèfò ló kù tí yóò máa ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ríra ẹ́ńjìnì ti ń wáyé gan-an nìyẹn. Ẹ bá a dúnàádúrà owó ìdájí yẹn lọ́tọ̀. Kò lè tó ìdá kékeré nínú owó ẹ́ńjìnì.

Kí rewáyà bá a wá. Kó kọ́kọ́ yọ irin pẹlẹbẹ tó so orí hítà pulọ́ọ̀gì márààrún pọ̀. Ẹ dúró tì í kẹ́ ẹ rí i pé ó yọ ọ́, torí bó bá fi irin yẹn sílẹ̀, èyí tó yè á máa gbè fún èyí tó ti kú, tẹ́sítà á sì tàn lórí gbogbo wọn. Tó bá yọ ọ́ tán, kó so ẹnu tẹ́sítà kan mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, kó máa fi ẹnu kejì kan orí pulọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iná kò bá tàn lórí rẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ti já. Mítà tó ń ka óòmù tún sàn ju tẹ́sítà lọ: èyí tó yè kì í sábà kọjá óòmù kan. Bí gbogbo wọn bá yè, kó dá irin padà, kí dírẹ́bà ṣí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, kó wá wọn iná tó dé orí irin náà. Ó yẹ kó tó fóòtì 11. Bí iná ò bá dé ibẹ̀ rárá, kó wo rílè àti fíúsì pẹlẹbẹ rẹ̀. Fíúsì yẹn lè sán tín-ínrín tí ojú ò ní rí i, nítorí náà kó wọn ọ̀tún, kó wọn òsì rẹ̀. Iná hítà tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀rí. Pulọ́ọ̀gì lè kú kí iná yẹn ṣì máa tàn.

Bẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ wọn, ẹ ra márààrún pọ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá móoru ni kí wọ́n tú wọn, pẹ̀lú sùúrù, kí wọ́n ti ta epo sí ìdí wọn tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá kán sínú ẹ́ńjìnì, ìnáwó gidi ti dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì tí ẹ sọ nínú ìwé yín wá jẹ mí lógún gan-an. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, torí ó lójú inú. Bẹ́líìtì méjì ni 2.4 yìí ní: ọ̀kan wà níwájú, ìkejì wà lẹ́yìn níhà gíábọ́ọ̀sì, òun ló ń yí pọ́ńpù. Bí ẹni tó pààrọ̀ wọn bá fi pọ́ńpù sẹ́yìn díẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì á máa pẹ́ dé inú sílíńdà. Á mú èéfín funfun wá láàárọ̀, á sì mú kí ọkọ̀ máa rẹ̀ lórí òkè ní gbogbo ọjọ́. Hítà pulọ́ọ̀gì nìkan kò lè fa ti òkè yẹn. Èrò mi ni pé nǹkan méjì ló ń bá ọkọ̀ yín jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmì ọ̀dà tí wọ́n fi ojú wò kò tó láti fi tún pọ́ńpù tò sí ààyè rẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní dáyà géèjì, agogo kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ojú ihò tó wà láàárín ibi tí páìpù márùn-ún ti jáde lára pọ́ńpù. Ìdá mílímítà ló ń kà, òun ni yóò sọ bóyá pọ́ńpù wà ní ààyè rẹ̀. Títò ni wọn yóò tò ó, wọn ò ní tú inú rẹ̀ rárá. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé òun ò nílò agogo yẹn, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ wá ẹlòmíràn.

Ohun kan wà tí ẹ lè dán wò lálẹ́ òní láìná kọ́bọ̀. Ìbàdàn kúkú jẹ́ ìlú olókè. Ẹ ní kí dírẹ́bà páàkì ọkọ̀ síbi tó dagun, kí imú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, kó wá òkúta sí táyà. Bó bá tètè dáhùn láàárọ̀, a jẹ́ pé dísẹ́ẹ̀lì ń ṣàn padà sínú táńkì lóru, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Kí wọ́n wo àwọn rọ́bà tín-ínrín tó so nọ́súlù mọ́ra wọn, àti òrùka rọ́bà tó wà lórí fílítà. Họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara tí wọ́n bá fi sáàárín fílítà àti pọ́ńpù á fi ìfóòfó hàn yín kedere. Kí wọ́n tún ṣí ìdí fílítà sínú ìgò, kí ẹ wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì. Bí sítátà bá ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ yẹ bátìrì wò, kí ẹ sì fi ọ́ìlì 15W-40 rọ́pò ọ́ìlì 40 tó máa ń ki láàárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni láti da pẹtiróòlù tàbí láti fi aṣọ tó ń jó sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ó lè fọ́ písítìnì, ó sì lè jó ènìyàn. Kí a tó yanjú rẹ̀, kí dírẹ́bà ṣí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí iná hítà kú nígbà méjèèjì, kó tó sítáàtì. Kó má sì tẹ tọ́tù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n.

Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tí kò yí padà, ìgbà yẹn ni kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Láti 26 dé 34 bárì ló yẹ kó wà, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má sì ju 5 lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye márààrún sílẹ̀ fún yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó ná owó kankan lórí ẹ́ńjìnì.