Àpótí Ìmọ̀: Erùpẹ̀ Tó Ń Hó

Bu erùpẹ̀ ṣíbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n wó ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kí o fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Bó bá ń hó wínníwínní, àwókù sìmẹ́ǹtì ti pò mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a bá gbìn síbẹ̀, ewé tuntun rẹ̀ lè di pupa rúsúrúsú, kó jẹ́ iṣan inú ewé nìkan ni yóò ṣì tutù. Irin ni ewé náà kò rí gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé irin tán nínú ilẹ̀ náà. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì ló dè é mọ́lẹ̀.

Ti Ìsàlẹ̀ Gángan, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló fà á. Ní Kalambaina, lẹ́bàá Sókótó, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà lábẹ́ ilẹ̀, òjò ọdún kan kò sì sábà pé 800 mílímítà. Kò tó láti fọ ẹfun lọ. Ewékorò náà ní irú òkúta yìí, ṣùgbọ́n òjò tiwọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

pH ilẹ̀ ẹlẹ́fun sábà máa ń wà láàárín 7.5 sí 8.5. Ajílẹ̀ fọsifọ́rọ́ọ̀sì tí àgbẹ̀ bá fọ́n káàkiri, ẹfun á gbà á mú. Ẹ̀bá irúgbìn gan-an ni kó rì í sí. Yúríà náà, kó bò ó mọ́lẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ (òórùn ilé ìtọ̀ ni wàá gbọ́). Ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà máa ń tú irin sílẹ̀, ó sì ń dá omi dúró. Eérú ààrò táwọn ìyá wa fẹ́ràn láti dà sídìí ẹ̀fọ́ ni kò yẹ níbẹ̀ rárá: ẹfun ló tún ń fi kún ẹfun.