Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ìṣòro Ọ̀nà Ìgunkè Lára Ògiri Ilé

Àdúgbò Moduganari ní ìlú Maiduguri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, wà lórí ilẹ̀ iyanrìn tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí irú Òkè Olúmọ tàbí Òkè Ìdànrè nítòsí ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gígun àpáta ṣe ìdárayá níbẹ̀ ní láti kan pátákó mọ́ ògiri, kí ó sì de ohun ìdìmú mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé wọn. Eré náà sì wọ ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Tokyo ní ọdún 2021.

Mímọ bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lára ògiri náà ti le tó kan ìlera gbọ̀ngbọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gba àwọn àgbàlagbà níyànjú láti máa ṣe ìdárayá tí ń fún ẹran ara lágbára, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Gígun ògiri jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìdárayá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ara apá máa ń tètè lágbára ju iṣan ìka lọ. Bí a bá pe ọ̀nà tí ó le ní èyí tí ó rọrùn, apá lè gbé ẹni tí ó ń kọ́ eré náà, kí iṣan ìka rẹ̀ sì já.

Òṣùwọ̀n méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ. Èkíní ni ti igbó Fontainebleau ní orílẹ̀-èdè Faransé. Èkejì ni òṣùwọ̀n V, tí John Sherman gbé jáde ní ọdún 1991 fún àwọn àpáta Hueco Tanks ní Texas. Ó bẹ̀rẹ̀ láti V0, ó sì ti dé V17 báyìí. Bí gígùn náà ti ṣòro tó ni òṣùwọ̀n yìí ń sọ; kò sọ bí ìṣubú ibẹ̀ ti léwu tó.

Ohun mẹ́rin ni a ń wò: bí ògiri ti dagun sórí ẹni tó, bí ohun ìdìmú ti tóbi tó, bí wọ́n ti jìnnà síra tó, àti ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ dá ìdájọ́ rẹ̀ ṣe, nítorí ó ti mọ àṣírí rẹ̀. Kí ènìyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gíga wọn yàtọ̀ síra, gùn ún nígbà tí ara wọn ti sinmi. Ọ̀nà tí ó rọrùn fún ẹni gíga lè ṣòro fún ẹni kúkúrú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi í wé ọ̀nà mìíràn tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí kò bá sí irú rẹ̀, kí wọ́n to àwọn ọ̀nà náà láti orí èyí tí ó rọrùn jù dé orí èyí tí ó le jù.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí ní Maiduguri. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru ọ̀sán lè ju ìwọ̀n 40 lọ ní òṣùwọ̀n Celsius. Òógùn a sì mú kí ọwọ́ máa yọ̀, kí ọ̀nà kan náà le sí i.

Kí àwọn ọmọdé tí egungun wọn ṣì ń dàgbà yẹra fún ohun ìdìmú tín-ín-rín, nítorí egungun ìka wọn lè ṣẹ́. Kí a tẹ́ tìmùtìmù nípọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣubú, kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí ó tẹ orúnkún, kí ó má sì fi ọwọ́ ti ilẹ̀ lẹ́yìn. Bí ìka bá dún tàbí tí ó wú, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó sì lọ rí dókítà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.