Ìlú Wo Ni Kí Oníkọ́ Fée Máa Gbé?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí ó bá wu ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ ni í darí ìgbẹ́ sí. Ní tèmi o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, n kò fẹ́ kí ẹ̀fúùfù kankan darí mi ní ọdún yìí. Ọdún tí n ó jáde nìyí. Láìpẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó di àgùnbánirọ̀, a ó sì kọ orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí a bá fẹ́ láti fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba wa. Àwọn kan ń wá ibi tí owó wà, àwọn kan ń wá ibi tí àfẹ́sọ́nà wọn wà. Èmi ń wá ibi tí n ó ti lè mí. Ikọ́ fée ti ń bá mi fínra láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 7. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín sì ni èyí tí àwọn ẹbí oníkọ́ fée máa ń bi ara wọn: ṣé ìlú kan wà tí ojú ọjọ́ rẹ̀ tuni lára tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè kó lọ síbẹ̀ kí àìsàn náà sì fi í sílẹ̀?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá. Ikọ́ fée kì í ṣe ikọ́ ife. Ikọ́ ife ni èyí tí kòkòrò àìfojúrí máa ń fà, tí ó sì ń ran ẹlòmíràn. Ikọ́ fée kì í ràn rárá. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, ẹnìkan tí a jọ ń gbé yàrá kan náà gbọ́ ‘fée’, ó pè é ní ‘ife’, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jẹ́ kí n fi kọ́ọ̀pù òun mu omi mọ́. Ìró kan tàbí méjì péré ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rẹ́ wa jẹ́. Ní etí tèmi, ohùn tí àyà oníkọ́ náà ń dún ní òru, fée, fée, bí ìgbà tí ènìyàn ń fọn fèrè tí ó ti dí, wà nínú orúkọ náà gan-an.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú oníkọ́ fée, àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú, wọn a sì tètè máa bínú sí ohun tí ẹlòmíràn kò kà sí. Bí nǹkan náà bá dé, iṣan tí ó yí wọn ká a sún kì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a dí àyè tí ó kù, àti mí síta a wá di iṣẹ́. Ohun tí ń ru ú sókè lára ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn: eruku, èéfín, irun ológbò, aáyán, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, ògiri tí ó bu nítorí ọ̀rinrin, ọ̀fìnkìn, eré sísá, atẹ́gùn tútù, àní ẹ̀rín àrínjù pàápàá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ìlú tí ojú ọjọ́ rẹ̀ dára láìtíì mọ ohun tí ń dì í láyà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan.

Jos ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ fún mi. Òtítọ́ ni pé ìlú náà wà lórí ilẹ̀ òkè tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, ooru ibẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Ìbàdàn. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, oṣù keje ni. Òjò ti fọ gbogbo eruku mọ́lẹ̀, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo padà dé ilé, mo ń sọ fún ìyá mi pé ibẹ̀ ni n ó ti darúgbó. Ìgbà kejì, oṣù kìíní ni. Ọyẹ́ ti dé. Omi inú garawa tutù wọ eegun ní òwúrọ̀, eruku funfun bo ewé, ètè mi là. Ní òru kejì, orí ìjókòó ni ilẹ̀ mọ́ bá mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, mo ń ka iye ìgbà tí aago ara ògiri ń dún. Ìlú kan náà ni o, òkè kan náà. Oṣù ni ó yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọyẹ́ yìí. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, níbi tí adágún ńlá kan wà ní ayé àtijọ́. Omi náà gbẹ, ohun tí ó kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúnná bí ẹfun tí a lọ̀, òun sì ni afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Òkè Ọya ni ó kọ́kọ́ ń dé. Kí ó tó dé Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ó ti dín kù; bí ó bá fi máa dé Èkó, ọ̀rinrin òkun a ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n Èkó ní wàhálà tirẹ̀: èéfín mọ́tò àti ti ẹ̀rọ amúnáwá, àti ọ̀rinrin kan náà, tí ń mú kí ògiri bu, tí ó sì ń mú kí kòkòrò tíńtìntín inú bẹ́ẹ̀dì máa pọ̀ sí i. Ní ti Port Harcourt, láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í figbe ta nítorí èérí èéfín dúdú tí ń bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti wá irú ìlú yìí rí. Láti ìparí àwọn ọdún 1800 ni àwọn tí àyà ń yọ lẹ́nu ti ń kó lọ sí Tucson ní Arizona, nítorí pé aṣálẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlú náà ti ń gbòòrò sí i, ojú àwọn àlejò kò gba ilẹ̀ tí kò tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n gbin koríko Bermuda, wọ́n gbin igi ólífì àti igi mulberry. Àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ni wọ́n ń tú lẹ́búlẹ́bú sí afẹ́fẹ́! Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi òfin de títa irú àwọn igi bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń ka ìtàn náà, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wá ínhélà mi.

Ti Melbourne ní ilẹ̀ Australia kò mú ẹ̀rín wá. Ìlú tí ojú ọjọ́ rẹ̀ kò le ni wọ́n kà á sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjì àti àrá dé síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìjì náà gbá lẹ́búlẹ́bú koríko sókè, ọ̀rinrin fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó sì kúnná tó ohun tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá ìtọ́jú lọ sí ilé-ìwòsàn. Ènìyàn 10 kú. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó ṣe kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní ikọ́ fée.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ nìkan kò tó. Ní ọdún 2018 ó fi Èkó sílẹ̀ lọ sí abúlé ọkọ rẹ̀ nítorí àyà rẹ̀. Ara rẹ̀ yá níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, gbogbo wa sì ń yọ̀. Ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ń sun igbó ní àyíká. Òru ni ó ká a mọ́. Oògùn inú ínhélà rẹ̀ ti tán, ilé ìtọ́jú tí ó wà ní tòsí ti tì, ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ìlú kejì. Wọn kò bá a débẹ̀ láàyè. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti yin ìlú kan fún mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni bí ilé-ìwòsàn ti jìnnà tó, àti bóyá ó máa ń ṣí ní òru.

Oògùn náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Èyí tí a mọ̀ jù, ínhélà aláwọ̀ búlúù, ń tú iṣan tí ó kì, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú tí ó wà nísàlẹ̀. Òmíràn wà tí ń dẹ̀ ẹ́, èyí tí dókítà lè ní kí a máa fà lójoojúmọ́ bí ara tilẹ̀ yá. Láti ọdún 2019 ni GINA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ikọ́ fée ní àgbáyé, kò ti fọwọ́ sí i mọ́ pé kí àgbàlagbà gbára lé aláwọ̀ búlúù nìkan. Púpọ̀ nínú wa kò mọ̀, a ń fà á kiri bí ẹní ń fín lọ́fínńdà.

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, dókítà ní kí n ra ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fẹ́ èémí sí, tí ń fi bí èémí ti lágbára tó hàn, kí n sì máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, pẹ̀lú ohun tí mo ṣe àti ibi tí mo wà. Mo kà á sí iṣẹ́ ọmọdé. Lẹ́yìn oṣù méjì mo ka ohun tí mo kọ. Kì í ṣe òru tí ó tutù jù ni ó burú jù. Òru tí ẹ̀rọ amúnáwá ẹ̀yìn fèrèsé wa ń ṣiṣẹ́ ni, àti ọjọ́ tí a bá gbá yàrá láìwọ́n omi sílẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ fún yàrá ní apá kejì ilé, mo sá bẹ́ẹ̀dì mi sí oòrùn, mo fi aṣọ tí eruku kò lè là kọjá bò ó. Òru tí mo ń jí wá ínhélà dín kù láti 9 ní oṣù kan sí 2. Ìlú kan náà, n kò kó lọ síbì kankan.

Ìyá mi ṣì fẹ́ Jos. Mo sọ fún un pé bí ó bá bọ́ sí ìgbà òjò, n kò kọ̀; ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni a ń sìn, ọyẹ́ yóò sì bá mi níbẹ̀. Ẹdó ni mo fi ṣíwájú, nítorí pé ilé-ìwòsàn ńlá wà ní Benin, ọyẹ́ kì í sì le níbẹ̀ bí ti Òkè Ọya. Ohun tí a yàn kọ́ ni a máa ń rí gbà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ètò náà fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn láti bẹ̀bẹ̀ fún ìyípadà bí ó bá mú ìwé dókítà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti àgọ́ ni ó ń já mi láyà, nítorí eruku pápá àti eré òwúrọ̀. Ìwé ìpè kò tíì dé. Ìwé dókítà ti wà nínú àpò mi pẹ̀lú ínhélà méjèèjì, ìyá mi sì ti ra ìbòrí bẹ́ẹ̀dì kan kún un.